Àbá Tí Elwin Trask Ń Dá Lọ́dọọdún

Elwin Trask kì í ṣe olè. Kì í ṣe ọ̀mùtí, kò sì gbọ́wọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀ rí títí obìnrin náà fi kú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bó bá ti rí ibi tí àwọn èèyàn ti fajú ro, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi bó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní Wexcombe, ìlú kékeré kan ní New Hampshire, níbi tí yìnyín ti máa ń wà nílẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ìwà ọmọlúwàbí la ka èyí sí. Ibẹ̀ la ti ṣìnà.

Ní oṣù kẹta ọdọọdún, gbogbo ẹni tó tó ìbò ú dì a máa péjọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé láti fọwọ́ sí ètò ìṣúná ilé-ìwé náà, èyí tí a ń fi owó orí ilé wa san. Ìgbìmọ̀ á ti fi gbogbo ìgbà òtútù jókòó tì í, wọ́n á ti jà lórí epo, lórí bọ́ọ̀sì, lórí olùkọ́ orin. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wà níjòókòó lè dìde dábàá pé kí a dín in kù. Bí ẹnìkan bá ti kín in lẹ́yìn, a gbọ́dọ̀ dìbò lé e. Ohun tí ìbò bá wí, abẹ gé e.

Elwin a dìde, a wúkọ́ bí àlùfáà. “Alága, mo dábàá pé kí a gé owó yìí sí méjì ọgbọọgba. Ìṣirò tí wọ́n kọ́ mi nílé-ìwé yìí ò kọjá ibẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Roscoe Dunphy, a dáhùn: “Mo kín in lẹ́yìn. Ìdajì tirẹ̀ ni wọ́n kọ́ èmi.”

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Adelaide Pruitt, alága ìpàdé, á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn gbé káàdì ìbò wọn sókè, káàdì méjì péré á sì gòkè. Lẹ́yìn náà, a ó jẹ páì ápù. Ọdún méjìlá la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Maureen, ọmọ Elwin, ni alásè ilé-ìwé náà. Òun àti Junie, ọmọ rẹ̀ ọdún méje, ń gbé lọ́dọ̀ bàbá náà, ariwo wọn ló sì ń mú ilé rẹ̀ gbóná ju iná lọ. Ní àárọ̀ ìpàdé ọdún kẹtàlá, Maureen bẹ̀ ẹ́.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àbá yẹn sílẹ̀ lọ́dún yìí. Owó orí ilé ti ga, inú ń bí àwọn èèyàn.”

“Bí mi ò bá dá a, wọ́n á ní mo ti kú.”

Yìnyín mu èèyàn dé orúnkún lọ́jọ́ náà. Àwọn òbí jókòó sílé; wọ́n ní ìṣúná kì í ṣubú ní Wexcombe. Àwọn tí owó orí ń dùn gun katakata wá. Èèyàn méjìdínláàádọ́ta ló wà níjòókòó. Elwin ò kà wọ́n, nítorí ẹnu ni aláwàdà ń wò, kì í wo ọwọ́.

Ó dìde, ó dá àbá. Roscoe kín in lẹ́yìn. Ẹ̀rín tó sọ kéré díẹ̀. Adelaide ní kí wọ́n gbé káàdì sókè, Elwin sì gbé tirẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí iwájú. Kò wẹ̀yìn.

Adelaide kà á lẹ́ẹ̀mejì. Márùndínlọ́gbọ̀n fara mọ́ ọn, mẹ́tàlélógún kọ̀ ọ́. Bí ọ̀rẹ́ méjì yìí bá jókòó lé káàdì wọn ni, ìbò ì bá dọ́gba, àbá náà ì bá sì ṣubú. Eré, eré, àlàbọrùn di ẹ̀wù.

“Alága, eré ni mo ń ṣe!”

“Elwin, mo ti ka ìwé òfin yìí tán. Wọn ò kọ eré síbẹ̀.”

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Maureen, tó ti ń pín páì látàárọ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan, yọ orí síta. “Ẹ̀yin èèyàn mi, èyí tó kù yìí, mélòó ni kí n gé e sí?”

Òfin fi àyè kan sílẹ̀: a lè pe ìpàdé mìíràn láti yí ìbò náà padà, bí ìdajì gbogbo olùdìbò ìlú bá lè wà nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Elwin fi ń kan ilẹ̀kùn káàkiri.

“Bernice, jọ̀wọ́, wá dìbò kí ilé-ìwé má baà kú.”

Bernice Lafleur pe ọkọ rẹ̀. “Ẹ wá gbọ́ o! Trask ní ká wá gba ilé-ìwé là! Ibo lo fi Roscoe pa mọ́ sí, ẹ̀yìn igi yẹn?”

Elwin bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwàdà rẹ̀ ti dára sí i. Ó dé ẹnu ọ̀nà tèmi náà. Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìpàdé, èèyàn mọ́kànlá ló dín nínú iye tí òfin bèèrè. A ò tilẹ̀ dìbò. Adelaide pa iná, gbogbo wa sì lọ sílé.

Wọ́n ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹfà. Bọ́ọ̀sì ń kó àwọn ọmọ kọjá òkè lọ sí ìlú mìíràn, wákàtí kan ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀. Maureen rí iṣẹ́ alásè ní etí òkun ní Maine, ó sì di ẹrù rẹ̀. Junie yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀.

“Bàbá àgbà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín kí n tó lọ.”

Elwin la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ̀ lọ.

Owó orí ilé rẹ̀ dín kù lóòótọ́. Ilé náà ti tóbi jù fún un báyìí.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí nìyí. Ẹyin lohùn, ẹni tó ń jù ú sókè kó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kó rántí pé ọjọ́ kan ni kò ní í rí i hán. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú kì í ṣe ohun ìṣeré, ẹni tó sì sọ òótọ́ rẹ̀ di yẹ̀yẹ́ kò ní rí ẹni gbà á gbọ́ lọ́jọ́ ẹkún. Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru Trask. Ẹni tó jókòó sílé pé àwọn yòókù á lọ, òun náà dìbò. Nítorí náà, ẹ máa lọ sí ìpàdé. Bí yìnyín bá wà, ẹ wọ bàtà.