Ẹni Tó Ń Gé Koríko Ìyá Opal

Ara Lonnie Pruett ṣì ń gbọ̀n títí di bí a ṣe ń wí yìí. Ẹ gbé ife omi fún un, ìdajì rẹ̀ á ti dà sára ṣòkòtò kó tó kan ẹnu. Kì í ṣe ojo látilẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tí ọlọ́pàá mẹ́rin bá na ìbọn sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday náà, Ààrẹ wà nítòsí. Ó wá pẹja lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Tí Ààrẹ bá sì ń pẹja, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fò kọjá lókè orí rẹ̀. Wọ́n ti sọ gbogbo òfurufú àgbègbè náà di èèwọ̀. Àfi bí bàálù kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan ṣe gba àárín èèwọ̀ náà kọjá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ewúrẹ́ tó ya ààfin ọba. Hẹlikópítà lé e. Bàálù náà rá sẹ́yìn igi, ó balẹ̀ sórí pápá koríko Ìyá Opal Haskins, níbi tí àwọn tó ń wa bàálù kékeré ti máa ń yà wá jẹ páì tí ìyá náà ń yan.

Nígbà tí mọ́tò ọlọ́pàá fi máa débẹ̀, ẹ́ńjìnnì bàálù ti kú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Lonnie nìkan ni wọ́n rí, lórí ẹ̀rọ ìgékoríko, tí nǹkan ìdétí ńlá kan wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bọ́ sílẹ̀. Dojú bolẹ̀. Na ọwọ́ méjèèjì kí n rí i."

Lonnie dojú bolẹ̀. Ẹnìkan fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ké pàkà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo wa bàálù yẹn," ni Sájẹ́ńtì Roy Tillery wí. "Ṣó o mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni? Wàá hu irùngbọ̀n funfun níbẹ̀."

"Koríko," ni Lonnie ń sọ. "Koríko ni, sà."

"Koríko ṣe kí ni?"

"Ó ní koríko lòun ń gé." Ìyá Opal ló dáhùn. Ó ti jáde láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Roy, kí lo fẹ́ fi ọmọ tó ń bá mi gé koríko ṣe?"

Sájẹ́ńtì ṣí fìlà. Ìyá yìí ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láti kékeré. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ọmọ ni mò ń pè é. Ọmọ ni mò ń pe gbogbo wọn. Ṣé o rò pé mo lè máa há orúkọ sórí lọ́jọ́ orí mi?"

"Nǹkan ọrùn rẹ̀ yìí ńkọ́, mà? Àwọn tó ń wa bàálù ló ń lo irú ẹ̀."

"Ẹ̀rọ mi ń pariwo. Ṣé kí etí ọmọ ọlọ́mọ di ni?"

"Okùn ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Orin ló ń gbọ́. Ọmọ ayé ìsìnyí wo ló lè ṣiṣẹ́ láìgbọ́ orin?"

Wọ́n yẹ àpò Lonnie wò. Ìwé tó fi ń wa mọ́tò ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sí ti bàálù. Sájẹ́ńtì ronú. Ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ koríko lò ń gé, gé e kí n rí i."

Lonnie gun ẹ̀rọ náà. Ó fọwọ́ kan ibí, ó fọwọ́ kan ọ̀hún. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ gbáà.

"Ẹ ti dẹ́rù ba ọmọ débi tó ti gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀," ni Ìyá Opal wí, ó sún mọ́ ọn, ó bá a fa ohun tó yẹ kó fà.

Ó gbéra. Ìlà tó kọ́kọ́ gé wọ́ bí ejò tó mutí yó, èkejì sì gba orí òdòdó kọjá. Wade, ọlọ́pàá tó kéré jù láàárín wọn, fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá, ẹ̀ ń sanwó fún eléyìí?" ni Sájẹ́ńtì bi í.

"Ìdí nìyẹn tí kì í fi í gba púpọ̀. Roy, ẹ wá awakọ̀ bàálù yín lọ sínú oko àgbàdo yẹn. Tí n bá jẹ́ ẹni tó ń sá, ibẹ̀ ni màá sá sí."

Wọ́n wọnú àgbàdo lọ. Sájẹ́ńtì pe ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ni bàálù náà, ní òdìkejì odò. Ẹni tó gbé fóònù ní pé ẹni tó bá ti ráyè nínú ẹgbẹ́ ló máa ń gbé bàálù jáde, àwọn kì í bi ara àwọn. Sájẹ́ńtì mí kanlẹ̀. Lonnie ń gé koríko. Ó gé e títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀, tí àwọn ọlọ́pàá fi jáde pẹ̀lú ewé àgbàdo lórí, láìmú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Opal gé páì fún gbogbo wọn, ti Lonnie ló sì tóbi jù. Ó ní, "Ọmọ, apá ìsàlẹ̀ ṣì kù o. Sátidé, kó o tètè dé."

"Ẹ ṣé, mà," ni Lonnie wí, kò sì lè gbójú sókè.

Ojú ti Sájẹ́ńtì náà. Ó ní kí Wade gbé ọmọ náà délé, kí wọ́n fi tọrọ àforíjì. Nínú mọ́tò, Wade ń wò ó láti inú dígí.

"Òdìkejì odò lò ń gbé? Ibẹ̀ lo ti wá gé koríko?"

"Iṣẹ́ ò sí nílùú, sà."

"Òótọ́ ni. Àwa náà mọ̀ ọ́n lára. Má bínú sí wa o."

"Mi ò bínú, sà."

Nígbà tí iná ẹ̀yìn mọ́tò náà ti lọ tán, Lonnie wọlé, ó fi irin dábùú ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó wá ń ro bó ṣe máa ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàálù wọn lòun gbé jáde nílé, mọ́tò ọlọ́pàá ló gbé òun wọlé.