Ta Ló Ń Jí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wa?

Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun.

Ọ̀la ni ìjọba yóò fi igbó yìí fún onígẹdú, bí a kò bá rí ọ̀bọ onírù pupa tí a ti ń wá láti ọdún mẹ́ta.

Nínú yàrá àyẹ̀wò wa, ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Màmá Alásè ń bá dírẹ́bà fà.

"Olè! Irun rẹ rèé lójú fèrèsé!"

"Irun kẹ̀, Màmá?" Ó ṣí fìlà. Orí ń dán bí àwo.

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí, ó fi irun náà sínú ẹ̀rọ tó ń fi irun mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀rọ dáhùn. Ọ̀gá fò mọ́ apárí lọ́rùn.

"Ògo f'Ọ́lọ́run! Onírù pupa ni! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti fèrèsé yẹn mọ́."