Ìròyìn Ọkọ̀ Tó Dojú Dé

Ọkùnrin kan wà tí òótọ́ kì í tó o sọ. Ìròyìn ló ń kà nílé iṣẹ́ rédíò, ohùn rẹ̀ sì dùn gan-an, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́, àfi kó fi tirẹ̀ kún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Bùyọ̀sí.

Opó ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ló ń dá gbé ní òdìkejì odò. Bùyọ̀sí kì í yọjú sí i. Tí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá á gbé àga sún mọ́ rédíò, á máa dá ọmọ lóhùn: "O káre, ọmọ mi." Àánú ìyá yìí ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ojú omi dojú dé. Obìnrin akọ̀ròyìn tó wà létí odò fóònù pé wọ́n ti yọ gbogbo èrò láàyè.

"Gbogbo wọn kẹ̀?" ni Bùyọ̀sí wí. "Ta ló wá fẹ́ jókòó ti rédíò títí di ìrọ̀lẹ́?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe rí ni kẹ́ ẹ kà á o."

"Fọkàn balẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, a óò ní wọ́n ti rí wọn."

Ló bá kà á pé wọn ò tíì rí ẹnì kankan yọ.

Kò mọ̀ pé àbúrò òun wà nínú ọkọ̀ náà, tó ń lọ wo ìyá wọn. Ìyá mọ̀ ní tirẹ̀. Aládùúgbò kan sáré wọlé.

"Màmá, wọ́n ti yọ wọ́n o! Ẹni tó ti etí odò dé ló sọ ọ́."

Ìyá mirí. "Ọmọ mi ló kà á. Ọmọ mi ò ní parọ́ fún mi."

Ó ṣubú, kò dìde mọ́. Nígbà tí àbúrò fi máa wọlé tòun ti aṣọ tútù lára, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ilé iṣẹ́ lé Bùyọ̀sí. Bó ṣe gbọ́ ohun tó pa ìyá rẹ̀, ó sáré lọ sílé ìyá, àbúrò dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀," ni Bùyọ̀sí ń wí, tomijé tomijé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ àwọn ẹlòmíì tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Àbúrò rọra ti ilẹ̀kùn. Títí dòní, Bùyọ̀sí ń dá gbé nínú yàrá kan. Á fóònù àbúrò rẹ̀, á dún títí, kò ní gbé e.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé irọ́ ẹni tí a fọkàn tán ló ń ṣeni lọ́ṣẹ́ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ yín lè ní ọmọ nínú ọkọ̀ náà.