Bébà Olódòdó Lórí Igi Jíjẹrà

Aránṣọ obìnrin kan wà tó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ènìyàn kò bá ti lè rí, kò kà á sí nǹkan kan. Bó bá rán aṣọ, iwájú rẹ̀ á gún régé. Inú lọ́hùn-ún, òwú á máa fì jálajàla. Bí oníbàárà bá ráhùn, á ní, "Ta ló ń wọ aṣọ sódì?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Lọ́dún kan, ó tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe. Kò ra kọ́bọ́ọ̀dù tuntun, kò pe oníṣẹ́ kankan. Ó fi sáńpépà ha àwọn ilẹ̀kùn àtijọ́, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, ó lẹ bébà olódòdó mọ́ ògiri, ó sì fi àjákù aṣọ rán kọ́tìnì sójú fèrèsé. Nígbà tó ṣe tán, ilé ìdáná ń dán gbinrin. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Owó táṣẹ́rẹ́ náà lo fi ṣe gbogbo èyí?" Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Sọ-ọ́-dọ̀tun, inú rẹ̀ sì dùn sí orúkọ yìí ju èyí tí ìyá rẹ̀ fún un lọ.

Ni wọ́n bá ń pè é láti ilé dé ilé. Níbi tí ògiri bá ti ń sun omi, á lẹ bébà bò ó. Níbi tí igi bá ti rà, á kùn ún. Ó ní káfíńtà àti oníṣẹ́ omi ló ń jẹ́ kí nǹkan wọ́n.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní àwọn fẹ́ tún ilé ìdáná ìyá wọn ṣe. Ìyá náà ti dàgbà, òun nìkan ló sì ń dá gbé. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní kí wọ́n pe káfíńtà. Sọ-ọ́-dọ̀tun ní, "Bùrọ̀dá mi, kí la fẹ́ fi káfíńtà ṣe? Ẹ fi lé mi lọ́wọ́. N ò ní ná ìdajì ohun tí ẹ ní lọ́kàn."

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rán káfíńtà wá. Ọkùnrin náà gun àga, ó ti ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lókè sítóòfù. Ọ̀bẹ wọlé bí ìgbà tí wọ́n gún búrẹ́dì.

"Àǹtí, páìpù inú ògiri yìí ń jò. Omi ti jẹ igi yìí dénú, ìṣó ò rí nǹkan dì mú mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

"Iṣẹ́ lò ń wá," ni Sọ-ọ́-dọ̀tun dá a lóhùn. "Ṣé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù làlejò ń wò?"

Káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Sọ-ọ́-dọ̀tun ti sọ ibẹ̀ dọ̀tun. Ó to àwo tánńganran ńláńlá kún kọ́bọ́ọ̀dù náà fọ́fọ́ kí fọ́tò lè dára, ó ya á, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ìyìn rọ̀ bí òjò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù: "Káfíńtà ńkọ́? Kí ló wí?"

"Ó ní kò síṣòro kankan."

Irọ́ yìí kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ rárá.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, nǹkan yìí máa ń ké bí mo bá ṣí i."

"Màámi, ọ̀dà ló ń gbẹ."

"Ọ̀dà a máa ké ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ ṣáà máa dúpẹ́."

Ìyá rọra pa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà dé. Kò sọ ọ́ mọ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ìyá gbé omi kaná, ó sì nawọ́ mú àwo kan lókè. Kọ́bọ́ọ̀dù já kúrò lára ògiri tòun ti ẹrù rẹ̀. Ó fọ́ èjìká ìyá, ó sì da omi híhó lé e lápá. Nígbà tí Sọ-ọ́-dọ̀tun sáré dé, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bébà olódòdó ń fì lára ògiri, omi sì ń kán tó, tó, tó látẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn aláìsàn.

"Mo rí káfíńtà. Ó ní òun kìlọ̀ fún ẹ."

"Bùrọ̀dá mi, mo kàn fẹ́ kó rẹwà ni."

"Lójú ta?"



Ìyá kò kú, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ rọ pátápátá. Ilé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n gbé e lọ. Àwọn tí Sọ-ọ́-dọ̀tun bá tún ilé ìdáná ṣe gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya bébà wò, wọ́n sì ń bá èbu àti igi jíjẹrà. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bò-ó-mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é sílé mọ́.

Lọ́jọ́ tó lọ kí ìyá rẹ̀, ó bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń fún ìyá lóúnjẹ. Ó gba ṣíbí, ó kúnlẹ̀. Ìyá pa ẹnu dé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyá mi orí. "Fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣíbí náà," ni ó wí. "Bí mo bá sọ̀rọ̀, òun máa ń gbọ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn fi owó kékeré tún ilé rẹ̀ ṣe. Ọ̀dà kò wọ́n, ìmọ́tótó ò sì gbowó. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí a mọ ibi tó ti ń jẹrà, kí a bò ó torí ìyìn, kí a sì pa ẹni tó kìlọ̀ fún wa lẹ́nu mọ́. Ẹ tún inú ṣe kí ẹ tó kun òde. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í tún apá tó ti rọ ṣe.