Omi Tó Ń Jó

Ní ìlú Bushra ní Pakistan, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí omi ẹ̀rọ ti yọ kẹ́yìn nílé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń fọ́n omi sókè kó máa jó ní gbàgede ìjọba, òfin sì ní kí gbogbo ará ìlú wá pàtẹ́wọ́ fún un.

Lónìí, Bushra, tó ti di màmá àgbà, tẹ́ ìborùn rẹ̀ síbi tí omi ń ta sí.

“Màmá, èèwọ̀ ni kí ẹ bu omi yìí,” Ghulam tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wí.

“N ò bù ú, ọmọ mi. Ibà ń ṣe ọmọ-ọmọ mi. Mà á fún ìborùn sí i lẹ́nu ni.”

Ghulam mí kanlẹ̀. Ó bu omi kún ike tirẹ̀, ó sì gbé e fún un.

“Ẹ tètè máa lọ. Ọmọ tèmi náà ò tíì mu omi láti àná.”