Àgbàdo Tí Ọkọ Susanna Kò Jẹ

Àgbàdo tuntun ti dé Ìgàndó, òjò sì ti sọ ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀, nígbà tí Susanna sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò àgbàdo lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. Ìka ń ro ó, ẹsẹ̀ ń ro ó, ìdúró Ìyánà Ìpájà sì ti gba ìyókù agbára rẹ̀. Síbẹ̀, kò lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi ka sítóòfù.

Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ se é fún. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá ọkọ, ọkọ yìí ò jẹun mọ́. Ògì síbí díẹ̀ láàárọ̀, ó parí. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í jáde láàárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ kan, á fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn méjì ni ìyá náà fi sílẹ̀ sáyé: Olúgbénga, àkọ́bí, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàdúná, àti ọkọ Susanna yìí, àbígbẹ̀yìn, tí ìyá fẹ́ràn bí ẹyinjú. Nígbà tí ìyá ń lọ, ọwọ́ ọkọ yìí ló fà lé Susanna lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ọkọ rẹ rèé o. Má jẹ́ kó sunkún."

Susanna jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ́ náà ló wá ń wúwo lọ́rùn rẹ̀ báyìí, nítorí Màmá Ìkirè, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti wá wò wọ́n, ohun tó sì rí kò dùn mọ́ ọn nínú.

"Egungun ọrùn ọmọ mi ti yọ síta," ó ní. "Bí mo bá padà wá ní Sátidé tí mo tún bá a báyìí, mo máa mú un lọ sí Ìkirè. Mi ò ní fi ọmọ àbúrò mi sílẹ̀ fún ẹni tí ò mọ oúnjẹ ẹ́ sè."

Bí wọ́n bá mú un lọ, kí ni Susanna fẹ́ sọ fún òkú? Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ sì fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ni àgbàdo síse, bíi ti màmá òun.

Susanna bó gbogbo háhá rẹ̀, ó da iyọ̀ sí i, ó sè é títí. Ọkọ rẹ̀ gbà á, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu gé e díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Kò rí bíi ti màmá mi."

Ó wọ yàrá lọ.

Ìyá Nùrẹ́nì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá kejì, tó ń se àgbàdo tà ní Ìkòtún, yọjú wo ìkòkò náà, ó pòṣé.

"Wọn kì í sè é báyìí, jàre. Ta ló ní kó o bó o ní ìhòòhò? Fi háhá tó fẹ́lẹ́ yẹn sílẹ̀ lára rẹ̀. Kó ìyókù tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Irun rẹ̀, má dà á nù, òun lo máa fi bò ó lórí. Ìgbà wo lo fi iyọ̀ sí i?"

"Látìbẹ̀rẹ̀ ni, mà."

"Háà! Ó ti le nìyẹn. Ó di ìgbà tó o bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àgbàdo tó bá sì ti sùn mọ́jú, adùn rẹ̀ ti sá lọ. Ọkọ rẹ ṣì ń bínú ni?"

"Kì í bínú, mà. Ó kàn máa ń wò mí ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bó bá ti dé láti Ìkẹjà, Susanna á tún dáná. Àgbàdo náà ń dùn sí i. Ọkọ rẹ̀ á tún fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu gé e, á tún gbé e kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń kó ṣùkù tí kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tán fún ewúrẹ́ onílé, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé kí wọ́n kúkú máa mú un lọ. Èrò náà tì í lójú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ní Sátidé, ó jí lọ sí oko ẹ̀yìn ilé, ó ra èyí tí wọ́n ṣẹ́ lójú rẹ̀. Igi ló fi dáná. Màmá Ìkirè ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò òfìfo kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́ fi kó ẹrù. Nígbà tí òórùn àgbàdo gba ilé kan, ọkọ Susanna dìde fúnra rẹ̀, ó jáde. Ó gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó jọ ti màmá mi."

"Ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọkọ rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Màmá Ìkirè dìde.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹrù rẹ̀ dà?"

Susanna jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ó ti rẹ̀ mí. Kí ni màmá ń ṣe sí i tí mi ò ṣe?"

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá máa ń yín in fún mi ni."

Susanna sún mọ́ ọn. Ó mú àgbàdo náà, ó fi àtàǹpàkò yín in kúrò lórí ṣùkù, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dà á sẹ́nu, ó fi ẹ̀yìn ẹnu rún un, ó tún nawọ́. Ṣùkù kan tán, wọ́n mú òmíràn. Màmá Ìkirè wò wọ́n títí, ó padà jókòó, ó ti àpò rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kúkú bù fún èmi náà," ó ní.

Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ la ẹnu rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí ni Susanna ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò ku eyín kan níwájú lẹ́nu ọmọdébìnrin yìí: Olúgbénga ló fẹ́ òun níyàwó, èyí sì ni àbúrò rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méje, tó ti ń káyín láti ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, tí kò sì sí ìyá tó máa fi hàn.