Ọmọ Tí Wọ́n Ń Rọ Yó Tó Ń Rù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó kí n sọ ti Mopẹ́lọ́lá fún yín, ìyàwó ilé kan ní Ìrágbìjí. Ó ṣe jẹ́jẹ́, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun rere lọ́wọ́ ẹlòmíì kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Òun àti Wúràọlá, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, bímọ nínú oṣù kan náà. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọmọ lọ wọ̀n ní ọ̀sìbítù, ọmọ Wúràọlá wúwo débi pé àwọn obìnrin ń bi í bóyá òkúta ló pọ̀n wá. Adéṣọpẹ́, ọmọ Mopẹ́lọ́lá, kò ṣàìsàn rárá, ó kàn kéré ni. Obìnrin kan ní, "Mopẹ́, ṣé ọmọ nìyí àbí ẹyẹ ẹ̀ga?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mopẹ́lọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọmọ lẹ́kọ. Yóò tẹ́ ẹ sórí itan, yóò dí i nímú, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu títí ikùn rẹ̀ yóò fi le bí àgbọn. Ọmọ tí kò tíì hu eyín kan! Bí ó bá bì, ìyá rẹ̀ yóò po òmíràn. Bí ó bá ya ìgbẹ́ olómi, yóò ní àyè ti ṣí nínú ikùn, àfi kí òun dí i. Kò pẹ́, ọmọ kò fẹ́ ọmú mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí rú ìyá rẹ̀ lójú pátápátá. Ó ní ìwọ̀n wọn ló bàjẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní eyín ló ń bọ̀. Ọkọ ní òun ò mọ èyí tí òun ì bá gbà gbọ́. Nígbà tó yá, Mopẹ́lọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Wúràọlá, ó sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ọmọ òun mọ́. Wúràọlá wò ó, ó wọlé lọ. Mopẹ́lọ́lá gbàdúrà títí, ó sì fi kún ẹ̀kọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ la ẹnu láti sunkún, ohùn kò jáde. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Wọ́n sáré gbé e dé ọ̀sìbítù. Nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí kán omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bèèrè ohun tó ń jẹ. Mopẹ́lọ́lá rò ó fún un.

"Ó ń jẹun, àǹtí," ló wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Kí ló dé tó ń rù?"

"Ẹnu lẹ ń bọ́, ìyá Adéṣọpẹ́. Ikùn rẹ̀ kò tíì gba ẹ̀kọ. Ohun tí kò bá dà nínú ọmọ kì í di ẹran sí i lára. Èyí tó ti wà níbẹ̀ gan-an ló ń kó lọ."

Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ yè. Ìyá rẹ̀ padà sí ọmú nìkan, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un. Bí ọmọ bá mu díẹ̀ tó sùn lọ, ọwọ́ á máa yún un láti jí i. Kò mọ̀ bóyá ire lòun ń ṣe tàbí ìkà. Síbẹ̀ ìgbẹ́ ọmọ dì, ara rẹ̀ sì ń kún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mopẹ́lọ́lá kúnlẹ̀ bẹ Wúràọlá. Ìyẹn gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó bá a rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe bí ẹnu ṣe gbà tó ni ara fi ń kún, bí inú ṣe gbà á ni. Ẹ má fi ọmọ yín bá ọmọ ẹlòmíì du ìwọ̀n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.